Ìkíni Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wagen Kẹtàdínlógún

Ní ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Berlin lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Mọ́mì, wọ́n fún mi níṣẹ́ ní réluwé, ìdí ọkọ̀ ẹrù tó ń kọjá bodè lọ sí Poland. Ṣé iṣẹ́ gidi ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn ò dénú. Mo ní kó jókòó tì mí. Kó tó jókòó, oúnjẹ ti dé, ariwo ti gba gbogbo ilé, mi ò sì lè máa pariwo ọ̀rọ̀ báyìí mọ́ ọmọ ọlọ́mọ létí. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí, fún òun àti fún gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ohun tẹ́ ẹ máa fi ayé yín ṣe.

Ẹ má retí ìyìn lẹ́nu mi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ní ilẹ̀ Jámánì, ní Hamburg lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Berlin. Nínú gbogbo rẹ̀, ọdún mẹ́jọ péré ni mo fi ní àṣẹ láti fọwọ́ síwèé pé kí ọkọ̀ máa lọ. Wọ́n gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ mi, mo sì lo ìyókù bí ẹni tí wọ́n gé lọ́wọ́. Ọkùnrin kan pàdánù ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí àpótí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí mi ò yẹ̀ wò. Ohun mìíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn tó burú jù ú lọ, mi ò sì mọ̀ ọ́n àfi ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì. Màá sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sunkún, mo ti sun tèmi.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà ò lọ títí. Ìwé ni mo wá kà, ìwé ò lọ bí mo ṣe rò, mo fi bọ́kẹ́ẹ̀tì àti ìgbálẹ̀ jẹun fúngbà díẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí ìwé ìkéde Ausbildung, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ réluwé, lára ògiri ní Altona, ní Hamburg níbẹ̀, mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí, wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ tó jẹ, kò tó yangàn. Ó tán.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní Frau Kröger. Obìnrin kúkúrú, tẹ́ẹ́rẹ́, tí sìgá kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì le ju irin tí a ń yẹ̀ wò lọ. Iṣẹ́ wa ni ká rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ẹrù kó tó kúrò ní èbúté Hamburg, láti orí dé ìdí. Àpótí kọ̀ọ̀kan tí wọ́n so mọ́ra wọn, Wagen là ń pè é. A ó wo kẹ̀kẹ́ irin abẹ́ rẹ̀, a ó wo bíréèkì, a ó fọwọ́ mi ọ̀pá irin tó ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, a ó sì ka nọ́ńbà tó wà lára Plombe, ìyẹn èdìdì kékeré tí wọ́n fi ń di ìlẹ̀kùn kí olè má bàa ṣí i kó tó dé òdìkejì bodè. Ọkọ̀ mìíràn lè ní Wagen ọgbọ̀n, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú òjò ni o, nínú yìnyín ni o.

Háà, Frau Kröger! Kó tó di pé mo dé lárààárọ̀, á ti mú pẹ́ẹ̀gì pupa, irú èyí tí a fi ń há aṣọ sórí okùn, á ti lọ fi wọ́n pamọ́ sára ọkọ̀. Á há ọ̀kan sábẹ́ bíréèkì, á há ọ̀kan sẹ́yìn ọ̀pá ìlẹ̀kùn, níbi tí ojú lásán ò lè dé. Tí mo bá rìn tán, á na ọwọ́ sí mi.

"Mélòó lo rí?"

"Mẹ́rin, Frau Kröger."

"Márùn-ún ni mo fi síbẹ̀." Á yí ẹ̀yìn padà, á ṣáná sí sìgá mìíràn. "Padà lọ. Láti Wagen kìíní."

Kì í ṣe ibi tí mo ti fo ọ̀kan o, láti ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá ni. Mo sunkún nínú ìbọ̀wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo rin ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta. Ó rí omi lójú mi, ó ní kí n nù ún, pé ojú tó ń ṣomi ò lè ka nọ́ńbà.

Ohun tó bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ ìkíni. Lọ́jọ́ kan, mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo rí i tó ń bọ̀ lókèèrè. Mo fi ohun tí mò ń ṣe sílẹ̀, mo lọ pàdé rẹ̀, mo tẹ eékún díẹ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé, mo ní, "Guten Morgen, Frau Kröger." Obìnrin yìí wò mí láti òkè délẹ̀.

"Wagen wo lo dé?"

Mo wẹ̀yìn, mi ò rántí mọ́.

"Padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Tíì wà nínú ilé, ìjókòó wà nínú ilé. Tó o bá ṣe tán, wá kí mi níbẹ̀ títí ẹnu á fi rẹ̀ ọ́."

Mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo sọ fáwọn èèyàn wa pé òyìnbó tó ń kọ́ mi níṣẹ́ ò ní ẹ̀kọ́ ilé rárá, pé bí ẹranko ló rí. A jọ bú u dáadáa. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni tèmi!

Nígbà tí mo yege, ó fún mi ní ọ̀kan nínú pẹ́ẹ̀gì pupa rẹ̀. Ó ní, "Tí mo bá sọ fún ọ pé mo ti wo Wagen kan, ìwọ náà lọ wò ó. Èmi náà lè parọ́." Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Òfin kan wà fún ọkọ̀ tó bá máa kọjá bodè. Ènìyàn méjì ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, èkejì á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, wọ́n á kọjá lára ara wọn láàárín, kálukú á sì rìn ín dé òpin, kó lè jẹ́ pé ojú mẹ́rin ló rí Wagen kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì á fọwọ́ síwèé kan náà. Kò le rárá. Ọmọ kékeré lè lóye rẹ̀.

Nígbà tí mo ti ní àṣẹ ìfọwọ́síwèé fún ọdún márùn-ún, wọ́n mú Bọ̀ọ̀dá Láyí wá sí Schicht tèmi, kí àwa méjèèjì jọ máa ṣiṣẹ́ ní wákàtí kan náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Bọ̀ọ̀dá Láyí jẹ́ sí mi. Ará ìlú wa ni, ó fi ọdún mẹ́rìnlá jù mí lọ. Òun ló bá mi wá yàrá ní Steilshoop, àdúgbò àwọn ilé gàgàrà ní Hamburg, nígbà tí mi ò ní ibi tí mo lè sùn. Nígbà tí bàbá Tèmi ọmọ mi bá tirẹ̀ lọ, Bọ̀ọ̀dá Láyí ló mú Tèmi lọ́wọ́ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò ní baba níbí, mi ò ní ẹ̀gbọ́n níbí, òun ni gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí a jọ ṣiṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, èmi bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. A pàdé láàárín. Mo kúnlẹ̀, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú òtútù." Ó dáhùn, ó béèrè Tèmi, mo béèrè ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ. Mo dìde, mo fẹ́ máa bá ọ̀nà mi lọ síwájú ọkọ̀.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ rìn ín dé òpin ni, sà."

"Ibi tí mo ti yẹ̀ wò tán?" Ojú rẹ̀ yí padà. "Mọ́rẹ́nikẹ́, ṣé ìwọ lo fẹ́ máa tọ̀ mí lẹ́yìn báyìí kó o mọ̀ bóyá mo parọ́? Èmi tí mo wà nínú iṣẹ́ yìí kó o tó mọ ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú?"

Mo tún kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú sà. Òfin wọn ni o, kì í ṣe èmi."

"Òfin òyìnbó ni. Òyìnbó ò gba òyìnbó gbọ́, ìyẹn ò kàn wá. Mo ní mo ti wò ó. Tó bá jẹ́ pé o ò gbà mí gbọ́, lọ."

Ta ni nínú yín tó máa lọ? Ẹ sọ òtítọ́. Ọmọ Jámánì á kàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, á tiẹ̀ máa súfèé. Èmi tẹ̀lé e lọ mu tíì. Láti ọjọ́ yẹn, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn: òun á yẹ ìdajì wò, èmi á yẹ ìdajì wò, a ó pàdé láàárín, màá kúnlẹ̀, a ó kí ara wa dáadáa bí ọmọlúàbí, a ó gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ bọ́ sí ilé tíì, a ó sì fọwọ́ síwèé pé kálukú wa rin gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́ta. Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ọkàn mi máa ń sọ ọ́ fún mi nígbà mìíràn, mo máa ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹnì kan tún wà ní òdìkejì bodè, ní Poland, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Zbyszek. Òun ló ń gba ọkọ̀ wa tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Lójoojúmọ́ mo máa ń pè é lórí fóònù, màá ka nọ́ńbà èdìdì Wagen kọ̀ọ̀kan fún un kó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò rí ojú rẹ̀ rí nígbà yẹn, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ó ní kí n kọ́ òun bí a ṣe ń kíni, mo kọ́ ọ. Tó bá gbé fóònù, "Ẹ káàárọ̀, Mọ́rẹ́nikẹ́!" ni, ohùn rẹ̀ á wọ́ síbi tí kò yẹ, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi á bú sẹ́rìn-ín. Tó bá fẹ́ gbé e sílẹ̀, "Ó dàbọ̀!" Kì í gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ní ọdún kẹjọ àṣẹ mi, iṣẹ́ kan ṣí ní Berlin, ní Lichtenberg. Ọ́fíìsì tó ń darí gbogbo ọkọ̀ ẹrù tó ń lọ sí bodè ni. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ló máa ń sọ pé kí ọkọ̀ lọ tàbí kó dúró. Ìyẹn ni mo ti ń wá láti ọjọ́ tí mo ti wọ iṣẹ́ yìí. Mo kàwé fún Prüfung, ìyẹn ìdánwò wọn, mo kà á nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo sì yege. Lẹ́tà dé. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí n kó lọ. Frau Kröger tó ti fẹ̀yìn tì pè mí, kò kí mi kú oríire, ó kàn ní, "Má jẹ́ kí orí ẹ wú." Inú mi dùn débi pé mo jó nínú yàrá ìdáná.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé ni ọjọ́ burúkú náà. Òwúrọ̀ ni, oòrùn tiẹ̀ ń ràn. Wagen mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, mò ń fọwọ́ mi ọ̀pá, mò ń ka nọ́ńbà. Mo yẹ mẹ́rìndínlógún wò. Mo gbójú sókè, Bọ̀ọ̀dá Láyí ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wagen kẹtàdínlógún, ó na apá méjèèjì.

"Mọ́rẹ́nikẹ́! Ìbejì! Adéọlá bí ìbejì!"

Adéọlá ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fi ọdún mẹ́sàn-án wá ọmọ. Ẹ gbà mí! Mo kígbe, mo kúnlẹ̀ sórí òkúta, "Ẹ kú ewu o! Ẹ kú oríire o! Ọlọ́run á wò wọ́n!" Ó ń sunkún, èmi náà ń sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà fún mi nítorí Berlin, àdúrà gígùn, mo ń ṣe àmín. Nígbà tí mo fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ ti kú mọ́ mi lábẹ́, mo fi ọwọ́ ti ara Wagen náà kí n tó lè dúró. A di ara wa lápá mú, a lọ mu tíì.

Òun yẹ mẹ́rìndínlógún wò láti iwájú. Èmi yẹ mẹ́rìndínlógún wò láti ìdí. Ẹ ṣe ìṣirò yẹn fúnra yín. Wagen tí mo fọwọ́ tì kí n lè dìde, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò nínú wa.

A fọwọ́ síwèé. Mo pe Zbyszek, mo ń ka nọ́ńbà. Nígbà tí mo dé kẹtàdínlógún, mo rí i pé kò sí nínú ìwé tèmi tàbí ti Bọ̀ọ̀dá Láyí, mo kà á láti inú ìwé àwọn tó di ẹrù.

Zbyszek ní, "Lára ìwé tó wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà yẹn ò hàn dáadáa. Ṣé o fojú ara rẹ rí i?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó dára."

"Tó bá jẹ́ ìwọ lo rí i, ó tán. Ó dàbọ̀!"

Lọ́jọ́ kejì, kí ọ̀sán tó pọ́n, Chef, ìyẹn ọ̀gá wa, pè mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Rólù bébà ńláńlá ló wà nínú Wagen náà. Èdìdì wà lára rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá ìlẹ̀kùn ò wọ ihò rẹ̀ tán, àwọn tó di ẹrù ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Téèyàn bá fọwọ́ mì í, á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Rólù ti ń yí lu ìlẹ̀kùn láti Hamburg. Zbyszek dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo ìlẹ̀kùn náà sì já lé e, àti bébà àti irin. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Orí rẹ̀ náà fara gbá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa wádìí ọ̀rọ̀ wa, Bọ̀ọ̀dá Láyí wá sí ilé mi ní Steilshoop. Ó mú ọsàn dání. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Mọ́rẹ́nikẹ́, ó ku ọdún méjì kí n fẹ̀yìn tì. Mo ti kọ ọ́ síwèé pé lẹ́yìn tó o kúrò lọ́dọ̀ mi, mo rin ọkọ̀ náà dé òpin, pé ọ̀pá ìlẹ̀kùn yẹn wà ní títì."

"Bọ̀ọ̀dá mi, a jọ lọ mu tíì ni."

"Mo mọ̀." Ó dìde. Mo rò pé ó ń lọ ni. Kò lọ o, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, àgbà ọkùnrin, ẹni tó mú ọmọ mi lọ sílé ìwé! Mo sáré dì í mú, mo ń pariwo, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi!"

Ó ní, "Sọ tìrẹ. Má ṣáà dárúkọ mi."

Ní Altona ni wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ náà, nínú yàrá kan tó funfun, ènìyàn mẹ́ta ló jókòó. Wọ́n bi mí bóyá mo rin ọkọ̀ náà tán. Mo ní rárá, àárín ni mo dúró, irọ́ ni mo fọwọ́ sí. Wọ́n bi mí bóyá ẹnìkejì mi rìn ín tán lẹ́yìn tí mo kúrò.

Mo ní, "Mi ò wo ẹ̀yìn."

Gbólóhùn kan ṣoṣo. Wọn ò béèrè ọ̀rọ̀ fóònù, èmi náà ò sọ ọ́. Wọ́n gba àṣẹ ìfọwọ́síwèé mi títí láé. Bọ̀ọ̀dá Láyí ò jìyà kankan. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n fún un ní òdòdó àti aago, wọ́n ya fọ́tò.

Lichtenberg tí mo torí rẹ̀ jó nínú yàrá ìdáná, wọ́n ṣì jẹ́ kí n lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe sórí àga tí mo yege fún. Ìdí ẹ̀rọ ni wọ́n fi mí sí, kí n máa wo àwòrán. Ìgbà ti yí padà. Ìwé Wagenliste tí a ń kọ nọ́ńbà Wagen sí kúrò nílẹ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì dé. Òòlù tí a fi ń lu kẹ̀kẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n kó o sínú àpótí. Wọ́n gbé irin ńlá kan sórí ọ̀nà, kámẹ́rà kún ara rẹ̀, ọkọ̀ á gba àárín rẹ̀ kọjá, á ya gbogbo Wagen lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èdìdì tuntun tiẹ̀ wà tó máa ń pariwo fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá ṣí i lọ́nà. Kámẹ́rà yẹn kì í kí ẹnikẹ́ni, kò sì lẹ́gbọ̀n-ọ́n. Mo jókòó níwájú rẹ̀, inú mi ń gbóná sí i lójoojúmọ́.

Ọmọkùnrin tó jókòó sórí àga mi, mo tó bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Á yíjú sí mi, á ní, "Frau Mọ́rẹ́nikẹ́, ṣé ó dára?" Màá wo àwòrán, màá ní ó dára, òun á sì tẹ bọ́tìnnì kí ọkọ̀ lè lọ. Mo lé ní ogún ọdún lórí ìjókòó yẹn. Ẹnu mi ni wọ́n ń lò, ọwọ́ mi ni wọn ò fẹ́.

Gbogbo ìbínú mi, orí Bọ̀ọ̀dá Láyí ni mo dà á sí. Tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, itọ́ ẹnu mi á korò. Nígbà tó kú, mo lọ sí ìsìnkú rẹ̀, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo ní ó ràn mí lọ́wọ́ nígbà tí mi ò ní ẹnìkan. Òótọ́ ni. Mo jókòó.

Ìwọ ọmọ tó bi mí léèrè, gba iṣẹ́ náà tó bá wù ọ́. Iṣẹ́ náà dára, èmi ni mi ò dára sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó o bá pàdé àgbà tó fẹ́ràn rẹ láàárín ọkọ̀, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má kúnlẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kó bínú, jẹ́ kó pè ọ́ ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, jẹ́ kó pe ìyá rẹ. Èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ ni mo ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, Tèmi wá bá mi kó ẹrù mi. Ó rí pẹ́ẹ̀gì pupa yẹn nínú dúrọ́ọ̀, ó béèrè. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àtorí ìbejì àtorí fóònù, mo bú Bọ̀ọ̀dá Láyí títí ó fi rẹ̀ mí. Ọmọ yìí wò mí.

"Mama, und der Mann?" Ọkùnrin náà ńkọ́, ló ń bi mí.

"Ọkùnrin wo?"

"Der mit dem Bein." Èyí tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ló ní lọ́kàn.

Ó ṣe mí ní háà. Láti ọjọ́ tí ìlẹ̀kùn já lé e, mi ò béèrè ọkùnrin náà rí. Tèmi wá àdírẹ́sì rẹ̀ kàn, ó sì fi mọ́tò gbé mi lọ sí Poland ní Sátidé.

Ilé kékeré kan ni, ewébẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ apá. Kí n tó sọ orúkọ mi, ó gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Mọ́rẹ́nikẹ́!" Ohùn náà ṣì ń wọ́ síbi tí kò yẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

Ó fún wa ní tíì. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì. Ó yà á lẹ́nu.

"Kí nìdí? Èmi ni mo ṣí ọ̀pá náà."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Ó lọ gbé ìwé wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ ọ́. Wọ́n ní ẹ̀rí ti fi hàn láti Hamburg pé ọ̀pá ìlẹ̀kùn wà ní títì nígbà tí ọkọ̀ kúrò, nítorí náà òṣìṣẹ́ ibí ló ṣí i láìgba àṣẹ. Ó ní òun ò rántí ọjọ́ yẹn rárá, orí òun ti fara gbá. Ó ní òun gba ohun tí wọ́n sọ. Ìyàwó rẹ̀ kú, ó gbà bẹ́ẹ̀ lọ sí ibojì pé àìfarabalẹ̀ ọkọ òun ló gé e lẹ́sẹ̀. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Gbogbo ọdún yìí, mò ń bi wọ́n léèrè ohun tó mú wọn ṣe é."

Mi ò wo ẹ̀yìn. Gbólóhùn tí mo fi bo Bọ̀ọ̀dá Láyí láṣìírí, orí ọkùnrin yìí ló já lé. Mo sì ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣàánú ara mi!

Mo sọ fún un. Mo sọ ìkíni, mo sọ àdúrà, mo sọ tíì. Kò bínú, kò pariwo. Ó ti bébà àti bíró sọ́dọ̀ mi lórí tábìlì.

"Kọ ọ́."

"Zbyszek, wọ́n ti gba àṣẹ ìfọwọ́síwèé lọ́wọ́ mi."

"Mo ní kó o kọ ọ́."

Mo kọ ọ́, ojú ìwé méjì. Mo kọ orúkọ Bọ̀ọ̀dá Láyí ní kíkún. Mo fọwọ́ sí i. Zbyszek gbé e fún Tèmi, ó ní ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Mo rò pé ọmọ mi á kàn fọwọ́ sí i ni, torí èmi ìyá rẹ̀ ló kọ ọ́. Ó fà á mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìlà kìíní, ó ń fi ìka tọ́ ọ. Ó kà á tán. Ó padà sí òkè, ó tún un kà.

"Mama, das Telefon fehlt."

Ọ̀rọ̀ fóònù ò sí níbẹ̀. Kí Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ̀ bóyá mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Inú bí mi lójú ẹsẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé, ta ni ìwọ tó ń tọ ìyá ẹ lẹ́yìn? Ọ̀rọ̀ náà dé etí ètè mi, mo sì gbọ́ ohùn ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Mo gba bíró padà. Mo kọ ọ́: pé ó bi mí bóyá mo fojú ara mi rí i, pé mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé irọ́ ni.

Tèmi fọwọ́ sí i. Zbyszek gbà á, ó kà á. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó fi ìka tọ́ ìlà tí mo kọ nípa fóònù, ó tún un kà. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ká ìwé náà, ó fi sí àpò àyà rẹ̀, ó dìde lórí ọ̀pá rẹ̀, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn fún wa.

A jáde. Mo dúró díẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀yìn mi sí i, mò ń retí. Mo ti kọ́ ọ lórí fóònù bí a ṣe ń sọ ó dàbọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n sọ dáadáa. Ó ti ilẹ̀kùn.